Èèkù wo ló bá ọwọ́ yín mu? Ìfiwéra èèkù AR-15: A2, MOE, K2, BCM, Hogue, Ergo àti MIAD

Èèkù ni ibi tí ọwọ́ tó ń fa tírígà ti ń di ìbọn mú. Púpọ̀ nínú ìbọn AR-15 tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ló ń bá èèkù A2 jáde láti ilé iṣẹ́. Ike líle ni, inú rẹ̀ ṣófo, kò ní ìdérí nísàlẹ̀, gọngọ kékeré kan sì yọ níwájú rẹ̀ tó máa ń bọ́ sáàárín ìka àárín àti ìka òrùka. Ara ìbọn M16A2, tó dé ọwọ́ àwọn ológun Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1980, ló ti gba orúkọ. Kò wọ́n, owó rẹ̀ kì í sábà tó 10 dọ́là, kì í sì í tètè bàjẹ́. Ẹni tí ó bá bá ọwọ́ rẹ̀ mu kò ní ìdí kankan láti náwó sí òmíràn, a sì ń sọ ìyẹn tọkàntọkàn.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ìdúró wa kò dọ́gba. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ná ìná àpà ni pé wọ́n á kọ́kọ́ wo àwọ̀, wọ́n á wò ó bóyá rọ́bà ni tàbí ike, wọ́n á rà á, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta wọ́n á tún ra òmíràn. Bí èèkù ṣe dàgẹ̀rẹ̀ sí ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ó ṣe nípọn tó ló tẹ̀lé e. Rọ́bà tàbí ike, ìkẹta nìyẹn. Àyè bátìrì inú rẹ̀ ló kẹ́yìn gbogbo wọn.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ yín

Ẹ yọ mágásíìnì kúrò, ẹ fa bóòtù (irin tó ń ti ọta wọnú ìbọn) sẹ́yìn kí ẹ sì há a síbẹ̀, ẹ fi ojú wo yàrá ọta, ẹ fi ìka kékeré kàn án kó dá yín lójú pé òfìfo ni. Kí ọta kankan má ṣe sí nínú yàrá tí ẹ ti ń ṣe é. Ẹ ti bóòtù padà, ẹ dojú ìbọn kọ ibi tí kò léwu, ẹ gbé e léjìká bí ẹ ṣe máa ń gbé e gan-an ní pápá ìyìnbọn. Ẹ di ojú díẹ̀ títí ara yóò fi balẹ̀. Nígbà tí ẹ bá la ojú, ẹ má ṣe tún ọwọ́ tò. Bó ṣe wà ni kí ẹ wò ó.

Ìka ìfábẹ̀là ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ibi tó rọ̀ nínú ìka, lókè oríkèé àkọ́kọ́, ló yẹ kó kan tírígà. Bí ó bá jẹ́ góńgó ìka nìkan ló débẹ̀, èèkù yẹn nípọn jù fún yín lẹ́yìn, ẹ ó sì máa ti ìbọn sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbàkígbà tí ẹ bá fa tírígà. Bí ìka bá kọjá títí tírígà fi wọnú oríkèé, èèkù tín-ín-rín jù, ẹ ó máa fa ìbọn sí òdìkejì. Àlàfo díẹ̀ yẹ kó wà láàárín ìka àti ẹ̀gbẹ́ ìbọn. Bí ìka bá ń fara gbá irin látòkè délẹ̀, àmì pé èèkù kò bá ọwọ́ yín mu nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọrùn ọwọ́. Láti ìgúnpá dé ẹ̀yìn ọwọ́ yẹ kó tọ́, kó má tẹ̀. Bí ọrùn ọwọ́ bá tẹ̀ sísàlẹ̀ sí ìhà ìka kékeré, èèkù dàgẹ̀rẹ̀ jù fún ìdúró yín. Bí ó bá tẹ̀ sókè sí ìhà àtàǹpàkò, ó dúró ṣánṣán jù. Ìrora tí àwọn kan ń ní ní ẹ̀yìn ọwọ́ lẹ́yìn wákàtí kan ní pápá sábà máa ń ti ibẹ̀ wá, wọ́n á sì máa fi í bú ìwọ̀n ìbọn.

A2 àti MOE, tàbí K2 àti BCM: ọ̀rọ̀ ìdàgẹ̀rẹ̀

Ìsàlẹ̀ èèkù A2 lọ sẹ́yìn dáadáa, ní nǹkan bíi 30 dígírì sí òòró. Ó bá ìdúró àtijọ́ mu: ìdí ìbọn gígùn tí kò ṣeé fà mọ́ra, ara tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgúnpá tó gbé sókè sí ẹ̀gbẹ́. Nínú ìdúró yẹn, apá fẹ́rẹ̀ẹ́ nà gbọọrọ síwájú, ọrùn ọwọ́ sì tọ́.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ló ń kọ àyà sí ohun tí wọ́n ń yìn, wọ́n á fa ìdí ìbọn tó ṣeé sún mọ́ra kúrú, wọ́n á rẹ ìgúnpá sílẹ̀ lẹ́bàá ìhà. Ọwọ́ ti sún mọ́ ara, apá sì ti ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Bí èèkù bá ṣì lọ sẹ́yìn bíi ti A2, ọrùn ọwọ́ ni yóò tẹ̀ kó tó bá a. Ìdí tí ilé iṣẹ́ Magpul fi ṣe MOE-K2 nìyẹn, ìdí kan náà ni Bravo Company (BCM) fi ṣe èèkù Gunfighter tiwọn: àwọn méjèèjì súnmọ́ òòró ju A2 lọ. Iyàtọ̀ náà kì í pariwo lójú bí a bá tò wọ́n sórí tábìlì, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ máa ń mọ̀ ọ́n kí ọta mágásíìnì kan tó tán.

MOE fúnra rẹ̀, èyí tí kò ní K2 nínú orúkọ, ń dàgẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé A2 ni ó bí i. Ohun tí ó fi ju A2 lọ ni pé kò ní gọngọ níwájú, ó kún àtẹ́lẹwọ́ jù, ẹ̀yìn rẹ̀ gùn sókè débi tí àlàfo àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là fi rí ibi jókòó sí, ìdérí kékeré sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tọ́ lórí A2 ṣùgbọ́n tí gọngọ yẹn ń gún un lára ìka, MOE ni kó rà. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀, MOE kò ní wò ó sàn. K2 tàbí BCM ni.

Ẹni tó ń lo ìbọn ẹnu gígùn 20 íńṣì pẹ̀lú ìdí tí kò ṣeé sún, tó sì ń dìde dúró yìn ín pẹ̀lú ìgúnpá lókè, kó má ṣe tẹ̀lé èrò lọ ra K2. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó tọ́ tẹ́lẹ̀ yóò wá tẹ̀ sókè ni. Ní ti àwọn tó ń dùbúlẹ̀ yìnbọn pẹ̀lú ìbọn wíwúwo tó ní ẹsẹ̀ méjì níwájú, èyí tó súnmọ́ òòró, tó sì kún àtẹ́lẹwọ́, ló dára jù, nítorí wọn kì í di èèkù mú pinpin. Wọ́n kàn ń fi ọwọ́ tì í ni, àtàǹpàkò á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà pẹ̀lú ìka yòókù.

Owó MOE, K2 àti BCM kò jìnnà síra: ẹ fojú sí nǹkan bíi 20 sí 30 dọ́là. Ìyàtọ̀ dọ́là mẹ́ta kò tó ohun tí a ó fi yan ohun tí ọwọ́ yóò máa dì mú fún ọdún mẹ́wàá.

Rọ́bà tàbí ike

Hogue OverMolded jẹ́ rọ́bà tí wọ́n dà bo egungun líle nínú, ó sì wà ní oríṣi méjì: èyí tó ní ojú ìka àti èyí tó tẹ́jú níwájú. Ergo rọ̀ jù ú lọ, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ gan-an. Magpul náà ní irú tí wọ́n fi rọ́bà bo lórí, èyí tí wọ́n ń fi àmì àròpọ̀ kún orúkọ rẹ̀: MOE+, K2+. Fún ọwọ́ tó ń làágùn, kò sí ike tó lè bá rọ́bà dọ́gba. Ní oòrùn Texas tàbí Georgia ní oṣù keje, ẹni tó bá ti mú A2 tí òógùn ti bò mọ̀ bó ṣe ń yọ̀.

Rọ́bà ní ìṣòro tirẹ̀ o. Ó ń fa aṣọ mọ́ra: bí ẹ bá fi okùn gbé ìbọn kọ́ àyà, èèkù á máa gbá ẹ̀wù kiri. Ó ń kó eruku àti ìdọ̀tí. Tí ẹ bá fẹ́ tún ọwọ́ tò díẹ̀ lórí rẹ̀, kì í jẹ́ kí ọwọ́ yọ́ lọ síbi tó tọ́. Ibi tí ọwọ́ kọ́kọ́ dé ni yóò há a mọ́. Oògùn ẹ̀fọn tó ní DEET nínú lè jẹ rọ́bà àti àwọn ike kan, ẹ nu ọwọ́ kí ẹ tó dì í mú. Ẹ má sì fi oje tí a fi ń fọ yàrá ọta nù ún. Omi àti ọṣẹ díẹ̀ tó.

Ojú ìka ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ dáadáa. Ojú ìka tí ilé iṣẹ́ gbẹ́ sára èèkù wà fún ọwọ́ kan ṣoṣo: ọwọ́ tí wọ́n fojú inú wò nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ. Bí ìka yín bá tóbi jù ú lọ, ògiri àárín ojú ìka yóò gun orí ìka, yóò sì máa dùn yín. Bí ó bá kéré, ìka méjì yóò máa dù ojú kan. Tí ẹ bá wọ ìbọ̀wọ́ òtútù ní Minnesota, gbogbo ìṣirò yẹn á tún yí padà. Èyí tó tẹ́jú níwájú ló gba ọwọ́ púpọ̀ jù, òun la ó máa júwe fún ẹni tí kò tíì rí àyè dì í mú ní ìsọ̀.

Ergo ní èyí tó wà fún ọwọ́ ọ̀tún nìkan, ó sì ní èyí tó wà fún ọwọ́ méjèèjì. Ọlọ́wọ́ òsì kó ka ara páálí dáadáa kó tó sanwó.

MIAD, fún ilé tí ènìyàn méjì ń lo ìbọn kan

Magpul MIAD ní iwájú àti ẹ̀yìn tó ṣeé pààrọ̀. Ẹ lè fi ẹ̀yìn tó nípọn sí i fún ọwọ́ gígùn, ẹ lè fi tín-ín-rín sí i fún ọwọ́ kékeré. Ó wọ́n ju MOE lọ, àwọn ẹ̀yà tó lè sọnù inú rẹ̀ sì pọ̀. Àwa kì í júwe rẹ̀ fún ẹni tó ti mọ ohun tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Fún tọkọtaya tí ọwọ́ ọ̀kan tóbi tí ti èkejì kéré, tàbí fún olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lo ìbọn rẹ̀, owó rẹ̀ kò pọ̀ jù.

Ní ti àyè inú èèkù: ìdérí BCM ní ìdè tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn, ti Magpul sì gba kóòrù (ike kékeré tó ń di nǹkan mú nínú èèkù) tí a ń rà lọ́tọ̀ fún bátìrì CR123 tàbí ìgò òróró kékeré. Ohun tí ẹ bá fi síbẹ̀, ẹ fi aṣọ wé e kó má baà máa dún. Bátìrì ojú ìfojúsùn ló yẹ níbẹ̀ jù, nítorí òun ló máa ń kú nígbà tí a kò retí.

Kí ẹ tó sanwó: irú ìbọn àti òfin ibi tí ẹ ń gbé

Gbogbo èèkù tí a dárúkọ lókè wà fún AR-15. Púpọ̀ nínú AR-10 àti LR-308, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń lo ọta tó tóbi jù, náà gbà á. AK kò gbà á: sìkúrúù gígùn M6 ló di tirẹ̀ mú, tó sì wọnú nọ́ọ̀tì kékeré kan nínú ìbọn, nígbà tí ti AR-15 jẹ́ sìkúrúù ìwọ̀n 1/4-28 tó wọ ara irin ìbọn tààrà. Bí AK yín bá ti òkè òkun wá, ẹ rántí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní 922(r): nínú 20 ẹ̀yà tí òfin kà sílẹ̀, èyí tó ti òkè òkun wá kò gbọdọ̀ ju 10 lọ, èèkù sì wà lára wọn. Fún ìdí yìí, èèkù tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lè dín iye yẹn kù, èyí tó ti òkè òkun wá sì lè sọ ọ́ di púpọ̀ jù.

Ní Houston tàbí Atlanta, òfin ìpínlẹ̀ kò bá èèkù jà. Ní California àti New York, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá: lórí ìbọn tí mágásíìnì rẹ̀ ń yọ, irú èèkù tí à ń sọ yìí jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó ń sọ ìbọn di èyí tí òfin kà léèwọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń ra èèkù tó ní abẹ́bẹ̀ pẹlẹbẹ lẹ́yìn, tí kò jẹ́ kí àtàǹpàkò yí i ká. Illinois, New Jersey àti Connecticut náà ní ìkálọ́wọ́kò tiwọn. Ẹ bi agbẹjọ́rò tàbí oníṣòwò ìbọn tó ní ìwé àṣẹ ní ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó tú sìkúrúù kankan.

Ọmọ wa tó wọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú fisa ìgbà díẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, àyàfi bí ó bá bọ́ sábẹ́ àwọn àyọkúrò díẹ̀, bíi ìwé ìyọ̀ǹda ọdẹ. Èèkù yìí kì í sì í ṣe ohun tí a ń dì sínú àpótí lọ kí ẹbí ní Nàìjíríà: òfin ìbọn ibẹ̀ ka ẹ̀yà ìbọn mọ́ ìbọn fúnra rẹ̀.

Pípààrọ̀ rẹ̀, àti ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́

Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ṣùgbọ́n sípíríńgì kan wà níbẹ̀ tó ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Nínú èèkù, lápá ọ̀tún lókè, ihò kékeré kan wà. Sípíríńgì tẹ́ẹ́rẹ́ ló jókòó sínú rẹ̀, ó ń ti píìnì ẹlẹ́nu ṣóńṣó sókè mọ́ ọ̀pá sáfẹ́tì (ohun tí a ń yí kí ìbọn má baà yìn). Píìnì yẹn ló ń mú kí sáfẹ́tì dún "kọ́ọ̀" tí ẹ bá yí i, òun náà ni kì í jẹ́ kó yọ bọ́ sílẹ̀.

Ẹ tún yẹ ìbọn wò pé òfìfo ni. Ẹ ti píìnì méjèèjì tó so òkè mọ́ ìsàlẹ̀, ẹ ya ìbọn sí méjì, kí ẹ da apá ìsàlẹ̀ dojú bolẹ̀ lórí aṣọ. Bí ẹ bá gbé e sókè bó ṣe máa ń wà, píìnì á já bọ́, orí kápẹ́ẹ̀tì lẹ ó sì ti máa wá a títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Sukudiráfà tó gùn tó 6 íńṣì ni ẹ nílò, nítorí ìsàlẹ̀ jíjìn nínú èèkù ni orí sìkúrúù wà. Ti A2 sábà máa ń jẹ́ olójú tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Púpọ̀ nínú èyí tó ń bá èèkù tuntun wá ń lo kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà. Ẹ fi ọwọ́ kejì di èèkù mọ́ ara ìbọn bí ẹ ṣe ń tú u, kí ẹ wá rọra gbé e kúrò ní tààrà. Sípíríńgì á bá a jáde.

Ẹ wo sípíríńgì yẹn nínú ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá ti tẹ̀ níbì kan, ẹ má lò ó mọ́. Tuntun kò wọ́n. Ẹ fi í sínú ihò èèkù tuntun, ẹ wò ó pé píìnì ṣì wà nínú ihò ara ìbọn, tí ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ kọ sí sáfẹ́tì. Bí ẹ ṣe ń sọ èèkù kalẹ̀, ẹ máa wo sípíríńgì títí yóò fi wọlé gbọọrọ. Ibí yìí ni ó ti máa ń bàjẹ́: sípíríńgì á há sáàárín èèkù àti irin, á ká, lẹ́yìn náà sáfẹ́tì á le gan-an tàbí kó máa yí láìdún. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé sáfẹ́tì ló bàjẹ́, á sì ra òmíràn.

Bí èèkù bá fún, kó má fẹ́ wọlé, ẹ fi òòlù onírọ́bà kàn án díẹ̀díẹ̀. Ìwọ̀n ara ìbọn ń yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Ẹ má fi sìkúrúù fà á wọlé. Ọwọ́ ni kí ẹ fi yí sìkúrúù nígbà àkọ́kọ́, yípo mẹ́ta ó kéré tán, kó má baà jẹ okùn inú ihò (àwọn ìlà yíyípo tí sìkúrúù ń gbà wọlé). Alumíníọ̀mù ni ara ìbọn, ó rọ̀ ju irin sìkúrúù lọ. Okùn tó bá jẹ níbẹ̀ kò ṣeé tún ṣe nílé.

Ẹ fi wáṣà sí i, ẹ sì lo sìkúrúù tó bá èèkù yẹn wá. Sìkúrúù tó gùn jù, tàbí èyí tí kò ní wáṣà, lè yọ sókè wọ inú ibi tí tírígà wà, kó má jẹ́ kí tírígà rìn dé ibi tó yẹ. Ẹ mú un le, kí ẹ wá fi ìdá mẹ́rin yípo kan kún un, ó tán. Agbára ọwọ́ àṣejù ló ń la èèkù oníke ní ìdí. Bí ẹ bá fẹ́ fi gọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù (threadlocker) sára okùn sìkúrúù kó má baà tú, ẹ̀kán kan tó, kó má sì kan ike, nítorí irú oje yẹn lè mú kí àwọn ike kan sán.

Àlàfo lè kù láàárín ẹ̀yìn ààbò tírígà àti iwájú èèkù, pàápàá lórí ààbò tírígà tẹ́ẹ́rẹ́ ìgbà àtijọ́. Ibẹ̀ ni ìka àárín máa ń gbá, á sì bó lẹ́yìn ọta 200. Ergo ń ta rọ́bà kékeré kan tó ń jẹ́ Gapper fún un. Ẹ lè pààrọ̀ ààbò tírígà náà sí èyí tó tẹ̀ wá sísàlẹ̀. Ìbọn tí wọ́n gbẹ́ ààbò tírígà mọ́ ara rẹ̀ kì í sábà ní ìṣòro yìí.

Kí ẹ tó so ìbọn pọ̀, ẹ yẹ iṣẹ́ wò. Ẹ gbé hámà (òòlù kékeré inú ìbọn) sókè, ẹ yí sáfẹ́tì sí ààbò, ẹ fa tírígà: hámà kò gbọdọ̀ mira. Ẹ yí i sí ìyìnbọn, ẹ fi àtàǹpàkò di hámà mú, ẹ fa tírígà, kí ẹ sì rọra tẹ̀lé hámà lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kó já lù ara ìbọn láìsí apá òkè, ó lè ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀. Kí sáfẹ́tì máa dún ketekete ní ìhà méjèèjì. Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tú èèkù padà kí ẹ tún wo sípíríńgì àti sìkúrúù. Ìbọn yẹn kò tíì ṣeé gbé lọ sí pápá.

Lẹ́yìn ọta 200 àkọ́kọ́, ẹ fi ọwọ́ mi èèkù sí ọ̀tún àti òsì. Bí ó bá mì díẹ̀, ẹ tún sìkúrúù mú. Ìgbà yẹn ni ike àti wáṣà sábà máa ń fìdí jókòó, lẹ́yìn rẹ̀ kì í sábà tún tú mọ́.